Òróró Kì Í Bo Igi

Ẹni tí ó bá ń ti Èkó bọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí Ìbàdàn, bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí Afárá Gígùn tí ó dábùú odò Ògùn, tí ó kọjá Ìbafò, tí ó sì ń sún mọ́ Mowé, kò lè ṣàì rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn káfíńtà tí wọ́n tò sí ẹ̀bá títì. Ibùsùn wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, àga tí a gbẹ́ orí kìnnìún sí lápá wà níbẹ̀. Oòrùn a mú wọn, wọn a sì máa kọ mànà bí ẹni pé omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lé wọn lórí. Láti ìgbà tí mo ti di ará Mowé ni mo ti ń wo dídán yìí. Fún ọdún púpọ̀ ni mo kà á sí ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú: ohun tí ó bá dán, ó dára, ohun tí ó bá dára ni à ń rà. Tábìlì kan ni ó kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ìtìjú tí mo sì rí nídìí tábìlì ọ̀hún ni ó mú mi kọ ohun tí mo ń kọ yìí.

Ní ọdún 2011, ìdílé àfẹ́sọ́nà àbúrò mi obìnrin ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá mọ̀ wá. Bàbá wa ti kú, èmi sì ni àkọ́bí, nítorí náà ilé mi ní Mowé ni wọn yóò wá. Ènìyàn ńlá ni àwọn àna náà, n kò sì fẹ́ kí wọ́n fojú tín-ín-rín ọmọ ìyá mi. Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan láàárín Ìbafò sí Mowé, mo ní kí ó kan tábìlì ìjẹun ẹlẹ́ni mẹ́jọ fún mi. Mo ní ìrókò ni mo fẹ́, mo sì ní kí ó máa dán bíi dígí. Ó dá iye kan. Mo ná an. Ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Mo tún ná an. Mo ná an títí ó fi rẹ́rìn-ín, tí ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú, tí ó sì wí pé, “Ó dáa, Mọ́mì, ẹ ó rí ìrókò yín.” Tábìlì dé ní ọjọ́ tí ó dá. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó sì ń dán débi pé iná orí àjà hàn nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó ní, “Ìrókò gidi rèé.” Inú mi dùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Òjò ọdún kejì kò tí ì dá tán tí ojú tábìlì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹnì kan gbé ìkòkò gbígbóná lé e, ibẹ̀ wú. Ọmọ kan fi ṣíbí ha etí rẹ̀, ìwo fáníìṣì náà sì ṣí sókè bí èèpo ara alángbá. Lábẹ́ rẹ̀, igi funfun ni mo rí. Arère ni, èyí tí àwọn ará sọ́míìlì ń pè ní obeche, igi fúyẹ́fúyẹ́ tí ọmọdé lè fi èékánná sàmì sí. Mo wọ mọ́tò, mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo sì pè é ní olè níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. “Mọ́mì, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí iye tí ẹ san. Iye yẹn kò lè ra ìrókò, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Dídán ni ẹ ní kí n ṣe, mo sì ṣe é.”

N kò rí ìdáhùn fún un, nítorí pé òótọ́ ni. Mo ti bèèrè iye pákó ìrókò ní sọ́míìlì ṣáájú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó tí mo san kò tó ra ẹsẹ̀ tábìlì náà, áḿbọ̀ǹtórí ojú rẹ̀. Irọ́ ni ọmọkùnrin náà pa nígbà tí ó ní ìrókò ni, n kò sì ní bá a bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ná irọ́ náà títí owó rẹ̀ fi wálẹ̀. Fáníìṣì yẹn ló gba àwa méjèèjì sílẹ̀ lọ́wọ́ ìmọ̀: kò jẹ́ kí òun ní láti sọ, kò jẹ́ kí èmi ní láti wò. Ìbéèrè tí ó ti ń bá mi gbé láti ìgbà náà wá nìyí: bí a bá fẹ́ kí nǹkan dára lójú, ibo ni ọ̀ṣọ́ parí sí, ibo sì ni ẹ̀tàn ti bẹ̀rẹ̀?

Iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀, nítorí náà inú ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, dán, ni a ń lò fún ohun tí ojú rí àti fún ohun tí ọwọ́ bà. Orí tí a fá a máa dán, bàtà tí a kùn a máa dán, ilẹ̀ tí a pa tí ó jinná a máa dán. Bí a bá sì sọ bẹ́ẹ̀, kì í sí ẹni tí yóò bi wá bóyá títàn ni a ń sọ tàbí àìrí págunpàgun. Lójú Yorùbá, ohun kan náà ni. Ohun tí ó ń tàn tí kò jinná lábẹ́ ọwọ́, kò tí ì dán tán. A tún ní dán mìíràn, èyí tí ó wà nínú “dán an wò.” N kò sọ pé gbòǹgbò kan náà ni méjèèjì ti yọ, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ẹlẹgbẹ́ mi yóò bá mi jà. Ṣùgbọ́n ó wù mí pé wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan. Ìyá ọkọ ọjọ́sí gan-an, kò fi ojú nìkan wo tábìlì mi. Ó fi ọwọ́ pa á. Ó dán an wò. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan igi ni.

Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ń dán ni wúrà. Òwe òyìnbó ni. A ti sọ ọ́ ní Yorùbá pẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ti wa ni. Ẹni tí ó ń pa òwe yẹn ti gbà pé dídán jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ fura sí. Àwọn agbẹ́gilére wa kò rò bẹ́ẹ̀. Robert Farris Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn Yorùbá ohun tí ó ń mú kí erè kan dára ju òmíràn lọ, tí ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1973, ka dídán mọ́ ara àwọn ohun tí wọ́n dárúkọ fún un. Ẹ̀rí tí ó tilẹ̀ lágbára jù lọ lójú tèmi wà nínú ìwé tí Kevin Carroll, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà Àgùdà tí wọ́n dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, tẹ̀ jáde ní 1967. Ibẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Aréògún, ti ṣiṣẹ́. Ọwọ́ Bándélé ni Làmídì Fákẹ́yẹ sì ti kọ́ṣẹ́. Carroll kọ orúkọ tí àwọn agbẹ́gilére náà ń pe ìpele iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ọ̀nà lílé, níbi tí a ti ń fi àáké tọ igi sí ọ̀nà, àlétúnlé, níbi tí a ti ń ya ojú, imú àti apá sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni dídán, lẹ́yìn dídán ni fífín.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbi ètò yìí. Dídán kọ́ ló kẹ́yìn. Bí a bá ti mú un dán tán ni a ó tó fi ọ̀bẹ fín ìlà ojú, irun orí àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Èyí já sí pé ẹnu irin ni dídán tí wọ́n ń wí ti ń wá, kì í ṣe inú agolo. Ohun tí a ṣe fún igi gan-an ni. Bí ó bá sì ku ohun tí irin kò lè fá, ewé ìpín wà, ewé tí ara rẹ̀ rí gbàkugbàku tí àwọn bàbá wa fi ń ha igi àti igbá kí sánpépà tó dé. Ewé ìpín kò fi nǹkan kan kún igi. Mímú ni ó ń mú kúrò.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní, ṣé àwọn bàbá wa kò kun igi ni? Wọ́n kùn ún. Ẹni tí ó bá rò pé igi lásán, láìsí ọ̀dà, ni gbogbo iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó ti kọ́ ọ, kò kọ́ ọ láàfin. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére ìgbà tirẹ̀, kun iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí àfihàn ńlá ti Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, British Museum sì fẹ́ ẹ. Ọba kò tà á. Ó gbà kí wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. (Mo ti ronú lórí pàṣípààrọ̀ yìí ju bí ó ti yẹ lọ, n kò sì tí ì mọ ẹni tí ó jèrè.) Ọ̀dà wà lára ilẹ̀kùn yẹn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Ọlọ́wẹ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀dà rẹ̀ kò sọ pé igi kan ni igi mìíràn. Ohun tí ó ń sọ ni pé èyí ni ọba, èyí ni ìyàwó rẹ̀, èyí ni àjèjì tí wọ́n fi ọmọlanke orí gbé wá. Bákan náà ni osùn lára ọmọ tuntun àti tìróò lójú ìyàwó. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé osùn ni, pé tìróò ni. Ọ̀ṣọ́ ni ohun tí ó wà lójú gbangba pé a ṣe é. Nígbà tí a bá ṣe é tí a sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé a ṣe é ni ọ̀rọ̀ yí padà. Etí mi máa ń gbọ́ bò nínú àbòsí.

Nítorí náà n kò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú fáníìṣì gẹ́gẹ́ bí fáníìṣì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan fẹ́ràn ìtàn kan tí ó di irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lé ìda lórí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wọn tí ó túmọ̀ sí olóòótọ́, sincere, wá láti inú gbólóhùn Látìn tí ó já sí “láìsí ìda,” nítorí pé àwọn agbẹ́kùúta ayé àtijọ́ a máa fi ìda dí ojú ibi tí òkúta bá ti sán kí oníbàárà má baà rí i. Ìtàn náà dùn, àwọn onímọ̀ ìtàn ọ̀rọ̀ kò sì gbà á gbọ́. Èmi náà kò fẹ́ kí a gbà á, nítorí pé lọ́dọ̀ wa, olóòótọ́ gbáà ni ìda. Àwọn tí ń fi idẹ ṣe orí ènìyàn a máa fi ìda mọ ọ́n ṣáájú, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a sì fi iná lé ìda náà jáde kí idẹ lè gba ipò rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni ó bí irú àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Ohun tí ìda bá rí ni ó ń fi lé idẹ lọ́wọ́, a sì lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń gbé Ifọ̀ ni ó mú mi mọ bàbá oníṣẹ́ igi kan níbẹ̀, nítòsí ibi tí ojú irin Abẹ́òkúta ti yà lọ sí Ìdógò. Mo gbé tábìlì mi lọ, èyí tí fáníìṣì rẹ̀ ti ṣí. Mo ti gbọ́ pé bàbá yìí kì í fọ́n lákà sí iṣẹ́ rẹ̀, pé òróró àti ìda ni ó ń lò. Mo ní, “Bàbá, ẹ bá mi fi òróró pa á kí ó tún lè dán.” Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ igi funfun náà, ó wò mí. “Dókítà, òróró kì í bo igi. Bí mo bá fi pa á, arère ni yóò máa jẹ́ títí. Ṣé ẹ ti ṣe tán láti máa jẹun lórí arère?”

N kò tí ì ṣe tán. Mo gbé tábìlì náà padà, mo gbé e ti ògiri nínú yàrá tí a ń kó ẹrù sí. Ṣùgbọ́n mo padà lọ sí Ifọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ìrókò àtijọ́ kan tí wọ́n yọ kúrò ní ilé bàbá mi nígbà tí a ń tún un ṣe, mo ní kí bàbá náà fi kan tábìlì ìkọ̀wé fún mi. Mo ní ànfààní láti jókòó tì í fún ọjọ́ bí mélòó kan tí ó fi parí rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí.

Ó ha igi náà títí ó fi jọ̀lọ̀. Ó fi aṣọ tútù nù ún kí irun igi lè dìde, ó jẹ́ kí ó gbẹ, ó tún un ha. Lẹ́yìn èyí ni ó mú òróró. Línsídì ni òun ń pè é. Irúgbìn ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ti ń fún un, ọ̀gbọ̀ kan náà tí a ń kà nípa aṣọ rẹ̀ nínú Bíbélì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lo epo pupa, adín tàbí òrí, èyí tí a ní lọ́pọ̀ yanturu. Ó ní àwọn wọ̀nyí kì í gbẹ. Òótọ́ ni: òróró ọ̀gbọ̀ a máa gba ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, a sì di líle nínú igi, ṣùgbọ́n epo pupa, adín àti òrí a máa wà ní tútù, eruku a lẹ̀ mọ́ wọn, òórùn wọn a sì yí padà. Ó da díẹ̀ sójú igi, ó fi aṣọ pa á yíká, ó dúró kí igi mu ún, ó nu èyí tí igi kò mu kúrò. Ó ní níbi nínù yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: òróró tí a bá fi sílẹ̀ lójú igi a máa lẹ̀ bí oje. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Kò gbàgbé láti sá àwọn aṣọ tí ó fi nu òróró sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí a bá ká wọn jọ, ooru tí òróró náà ń mú jáde bí ó ti ń gbẹ lè mú kí wọ́n gbiná láìsí ẹni tí ó ṣáná sí wọn. Mo rò pé àbá ni títí mo fi kà á nínú ìwé.

Àwọ̀ ìrókò náà ń jáde. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tí ó ti wà nínú ilẹ̀kùn náà láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, èyí tí mo ti ń kọjá lójoojúmọ́ tí n kò rí, bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ojú ihò ìṣó hàn pẹ̀lú. Ibi tí àgádágodo ti ha igi fún ogójì ọdún hàn ketekete, ó tilẹ̀ dúdú sí i. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé a kò lè rí nǹkan ṣe sí ibí yìí?” Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó di ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, ó yọ́ ìda oyin nínú abọ́ tí ó gbé sínú omi gbígbóná, ó gbé e kúrò nídìí iná kí ó tó pò ó mọ́ tọ́pẹ́ńtáìnì, ó jẹ́ kí ó dì bí òrí, ó fi aṣọ pa á sára igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí ó fi dán. Kì í ṣe dídán bíi dígí. Bí awọ ara ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán tí ó fi òrí para ni. Nígbà tí mo ń sanwó, ó ní, “Mo ti ṣe tèmi. Ìyókù dọwọ́ yín.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ta mí jí. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ igi nílẹ̀ òyìnbó ní òfin àtijọ́ kan nípa òróró yìí: ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù kan, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún ọdún kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún títí láé. “Títí láé” yẹn kì í ṣe ti káfíńtà. Ti ẹni tí ó ni igi ni. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá a ní irú rẹ̀ nílẹ̀ wa, kí ó wo erè ìbejì. Nígbà tí agbẹ́gilére bá parí erè, tí ó sì gbé e lé ìyá ìbejì lọ́wọ́, ìgbà náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá ni ó ń wẹ̀ ẹ́, ìyá ni ó ń fi osùn àti òróró pa á, tí ó ń bọ́ ọ, tí ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Àwọn erè kan wà tí wọ́n ti pa lójú pẹ́ débi pé imú àti ẹnu wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àwọn olówó ilẹ̀ òyìnbó a máa san owó gegere lé irú dídán bẹ́ẹ̀, débi pé àwọn ayédèrú oníṣòwò ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọgbọ́n dá a sára igi tuntun. Ohun tí wọn kò lè dá sí i ni ọmọ tí ó kú àti ìyá tí kò gbàgbé. Orógùn ìyá mi, ọpọ́n ayò bàbá mi, àpótí ìdáná tí a jogún: ta ni ó fi fáníìṣì kùn wọ́n? Òróró ọwọ́ ènìyàn ni.

Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni pé ọlọ́lá nìkan ni ó lè jẹ́ olóòótọ́. Ìrókò wọ́n. Òróró ọ̀gbọ̀ kì í ṣe èso ilẹ̀ wa, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó gba yàrá kan ní Ìbafò, tí ọmọ mẹ́rin ń ti orí bẹ́ẹ̀dì fò sórí tábìlì, kò ní àkókò láti máa fi aṣọ pa igi lọ́dọọdún. Lákà wúlò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ìda lọ. Ìda kò lè gba ìkòkò gbígbóná, nítorí pé ooru tí kò tó ti omi híhó ni ó ń yọ́ ọ. Bí ife omi tútù bá pẹ́ lórí rẹ̀, àmì funfun a yọ. Bí ọmọkùnrin ọjọ́sí bá ti wí fún mi pé, “Mọ́mì, arère ni owó yín lè rà, ṣùgbọ́n n ó fọ́n lákà sí i dáadáa kí ó lè pẹ́,” iṣẹ́ rẹ̀ kì bá ti ní àbùkù kankan. Arère kò ṣe ohun burúkú. Èmi ni n kò fẹ́ kí ó jẹ́ arère níwájú àna.

Àwa olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga náà kúkú ní lákà tiwa. Mo ti ka àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi èèpo líle dì, tí wọ́n fi wúrà kọ orúkọ sí lẹ́yìn, tí gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ bíi dígí. Bí a bá fi èékánná ha á, arère. Mo ti fọwọ́ sí díẹ̀ nínú wọn. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ná kò tó ìrókò, àkókò tí èmi náà ná lórí rẹ̀ kò tó, a sì jọ gbà pé ó dán.

Èyí tí ó le jù fún mi ni ti ìtọ́jú. Lẹ́yìn tí tábìlì ìkọ̀wé mi dé Mowé, mo tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan pẹ̀lú ìtara ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ọkàn padà. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ pọ̀. Ọyẹ́ mẹ́ta kọjá lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣá, ó hàn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Kò ṣí bí ti àkọ́kọ́, kò sì díbọ́n. Ohun tí mo ṣe sí i ni ó fi hàn mí. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ wa fi fẹ́ràn ohun tí a fi nǹkan bò pa. Yàtọ̀ sí pé kò jẹ́ kí àlejò rí igi, kò tún jẹ́ kí onílé rí àìbìkítà ara rẹ̀, títí di ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo fẹ́ lọ bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Orúkọ tí mo pè é níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀; bí ó bá tọ́ sí i, ó tọ́ sí èmi náà, ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo dọ̀bálẹ̀ fún un ní ìta gbangba. Mo fi í dọ̀la títí. Iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà márosẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2013, nígbà tí mo sì wá dé ibẹ̀ níkẹyìn, ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ti di eruku àti òkúta wẹ́wẹ́. Mo bèèrè lọ́wọ́ obìnrin tí ń ta ọ̀sàn. Ó ní wọ́n ti lọ, pé ẹnì kan sọ pé apá Ṣágámù ni.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo gbé tábìlì ìjẹun náà jáde kúrò níbi tí ó fara ti ògiri. Ó gbà mí ní òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ha lákà àti àwọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò, apá mi sì ro mí bí ẹni tí ó gúnyán fún ìgbéyàwó. Igi náà funfun bí ẹ̀gẹ́ tí a bó. Mo fi òróró pa á. Ó pọ́n díẹ̀ bí oyin tí omi là, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ìkòkò gbé wú ti di àmì rìbìtì, mo fi ìda pa á pẹ̀lú. Nígbà tí àbúrò mi àti ìyá ọkọ rẹ̀ wá kí wa, màmá náà tún fi àtẹ́lẹwọ́ pa tábìlì, ó dúró díẹ̀, ó ní, “Irú igi wo lèyí?”

Mo ní, “Arère ni, Mà. Òun náà ni ti ìjọ́sí.”

Ó wò mí, ó wo tábìlì, ó sì fa àga, ó jókòó.